Etí Ọ̀tún Ni Pátákó Wí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ìparí oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò dídì ń yọ́ lórí òkè tí omi rẹ̀ ń ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn kọjá, ni Ntate Sekhobe, ìyẹn Bàbá Sekhobe, kọ́kọ́ gbọ́ pé àgọ́ ọlọ́pàá Ha Mafusi kò ní fi ohunkóhun pamọ́ fún ará ìlú mọ́. Ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ló ti gbọ́ ọ. Ó sọ àpò àgbàdo rẹ̀ kalẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Bí ará Ha Mafusi kan bá sọ fún yín lónìí pé òun kò pa tòun, irọ́ ni. Ọwọ́ ń ta wá títí di ìrọ̀lẹ́.

Sekhobe ní ìdí láti pàtẹ́wọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Oṣù kan àti ààbọ̀ sẹ́yìn ni àwọn olè ti kó màlúù rẹ̀ méjì lọ láti pápá òkè. Pupa ni àwọn méjèèjì, ọ̀dá ni wọ́n, àwọn nìkan ló sì ní tó lè fa ohun ìtúlẹ̀. Èkíní ń jẹ́ Sefako, ìyẹn Yìnyín, nítorí pé ṣe ló máa ń já lu iṣẹ́ bí ẹni bọ́ láti ojú ọ̀run. Èkejì ń jẹ́ Lerole, ìyẹn Eruku, òun a máa tẹ̀lé e jẹ́jẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ kò ní pẹ́ dé. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ tí kò sí màlúù lábẹ́ àjàgà, kò sí àgbàdo lọ́dún náà nìyẹn. Òun àti Mapontšo ìyàwó rẹ̀ á kàn máa wo oko bí ẹni tí wọ́n fi ìkòkò òfìfo hàn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Sájẹ́ǹtì Nthofela, obìnrin tó mọ ẹṣin gùn ju ọkùnrin mẹ́rin lọ, lé àwọn olè kan dé etí odò ààlà, tó sì kó màlúù mọ́kànlá padà wá sínú ọgbà olókùúta tó wà lẹ́yìn àgọ́. Ọ̀nà tí Nthofela máa ń gbà dá ẹran padà kò le. Á dúró níwájú pitso, ìpàdé gbogbo ìlú, á ní, “Màlúù pupa wà lọ́wọ́ wa.” Á wá pa ẹnu mọ́. Ẹni tí ẹran rẹ̀ sọnù á wá bá a ní kọ̀rọ̀, á sọ bí wọ́n ṣe gé etí ẹran náà àti etí tí wọ́n gé, á sọ àpá tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá bára mu, á fa okùn ẹran rẹ̀ lọ ilé. Ohun tí ọlọ́pàá kò sọ ni kọ́kọ́rọ́ ọgbà.

Ṣùgbọ́n a ti ní ọ̀gá tuntun.

Inspẹ́kítọ̀ Lebusa Ramokhele ti olú-ìlú wá bá wa ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, pẹ̀lú dígí méjì, bàtà aláwọ dídán mẹ́ta, àti ohùn kan tó máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ tó dé, ó ní kí àwọn ọlọ́pàá mẹ́fà tó wà lábẹ́ òun máa kí òun láràárọ̀ pé, “Ilẹ̀ ti mọ́, Bàbá Ìmọ́lẹ̀,” bí kùrukùrù tilẹ̀ bo ìlú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ajá kan tọ̀ sí ìdí òpó àsíá. Ó ní kí wọ́n ti ajá náà mọ́lé, kí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọlọ́pàá tí wọ́n fún níṣẹ́ náà kọ ọ́ sínú ìwé pé afurasí kò rí nǹkan sọ. Ramokhele yìn ín, ó ní ìwé náà pé. Àwa náà yìn ín. Ta ló fẹ́ kí wọ́n wá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu tòun?

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì tí Sekhobe gbọ́ ìròyìn nídìí ẹ̀rọ àgbàdo, Ramokhele pe pitso.

“Ẹ̀yin ará Ha Mafusi,” ló wí, “àṣírí ni ìyá olè. Àṣírí ni bàbá èké. Àṣírí ni ẹ̀gbọ́n àbẹ̀tẹ́lẹ̀.” Ó ka ẹbí àṣírí lọ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àna ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn arúgbó ti ń jókòó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Láti òní lọ, ohun tí ọlọ́pàá bá mọ̀ ni ìlú mọ̀. Mo máa gbé pátákó kan dúró níwájú àgọ́. Gbogbo àmì ara màlúù kọ̀ọ̀kan máa wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú ọgbà lọ wo ẹran mọ́, ojú lásán ló ń bí àríyànjiyàn. Ẹ ka pátákó. Ohun tó bá wà lórí pátákó, òótọ́ ni. Ohun tí kò bá sí lórí pátákó, kò ṣẹlẹ̀.”

A tún pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tí wọ́n jí adìyẹ rẹ̀ gbé láàárọ̀ ọjọ́ náà béèrè bóyá tirẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kó ní sùúrù.

Ẹ jẹ́ n gbé yín lọ sínú ọgbà báyìí, níbi tí ọ̀gá ti ń kọ àmì ẹran sílẹ̀. Ayàwòrán kan wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀gá fẹ́ kí ojú òun àti ojú màlúù wà nínú àwòrán kan náà. Nítorí náà iwájú màlúù ló dúró sí. Ìdí mìíràn tún wà: ohun tó máa ń jáde lẹ́yìn màlúù kò ní ọ̀wọ̀ fún bàtà dídán.

“Etí ọ̀tún,” ló wí, ó ń kọ ọ́.

“Etí òsì ni, ọ̀gá,” Nthofela wí.

“Ọwọ́ ọ̀tún mi rèé. Etí tí wọ́n gé rèé. Apá ibo ló wà?”

“Apá ọ̀tún yín ni, ọ̀gá. Àmọ́ òsì màlúù ni. Ẹ̀yìn ẹran ni darandaran ń rìn. Ẹ̀yìn la ti ń wo etí.”

“Sájẹ́ǹtì, ta ló ń kọ pátákó yìí, èmi ni àbí màlúù?”

“Ẹ̀yin ni, ọ̀gá.”

“Tí màlúù bá fẹ́ kọ tiẹ̀, kó lọ ra ọ̀dà.”

Báyìí ni màlúù mọ́kànlá ṣe pààrọ̀ etí ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀bẹ kò sì kàn wọ́n.

Pátákó náà tóbi tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà funfun kọ ọ́, lẹ́tà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ó buwọ́ lù ú. Ìbuwọ́lù náà bẹ̀rẹ̀ lókè, ó rọ̀ wálẹ̀ ní etí pátákó bí itàkùn elégédé, ó ká, ó tún ká. Ìlà kan tó gùn jù wà ní ibi tó kọjá. Ohun tí ìlà náà ń wí ni pé: *Nọ́ńbà kẹrin àti keje, màlúù pupa, ọ̀dá, etí ọ̀tún, wọ́n gé e bí ìrù alápàáńdẹ̀dẹ̀.* Itàkùn ìbuwọ́lù náà gbé *dẹ̀* tó kẹ́yìn mì. Ohun tó kù fún ojú láti rí ni *alápàáńdẹ̀*.

Ó wá ku ẹni tí yóò máa kà á fún ìlú, nítorí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀wé. Ibẹ̀ ni Ntate Sekhobe ti wọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ ihò èkúté.

Ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé kan ni Sekhobe nígbà tó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà. Ara àpò ìyẹ̀fun ló ti kọ́ ọ, àti ara ìgò oògùn ẹran, àti ara òkúta ìbojì. Nítorí èyí, àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ ni *kìlógírámù*, *ẹ mì í dáadáa*, àti *sùn re o*. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó lè tọ́ ọ sọ́nà. Bó bá ka nǹkan tí kò yé e, á tún un kà kíkankíkan sí i. Ramokhele so aṣọ pupa kan mọ́ ọn lápá níwájú gbogbo èèyàn, ó pè é ní Òǹkàwé Ìlú. Inú Sekhobe dùn débi pé ó gbé aṣọ náà wọlé sùn.

“Òǹkàwé,” Mapontšo wí nígbà tó ń bu pápà, òkèlè àgbàdo, sínú àwo fún un, “ṣé kí n máa kí ọ kí n tó fún ọ lẹ́fọ̀ọ́ ni?”

“O lè kí mi.”

“Kí ni wọ́n kọ nípa màlúù wa?”

“Kò sí tiwa níbẹ̀.”

“Mọ́kànlá, kò sì sí tiwa?”

“Pupa méjì wà níbẹ̀. Etí ọ̀tún ni. Ti àwọn ará òkè odò ni.”

Ẹ gbọ́ ohun tó fi wí bẹ́ẹ̀. Etí òsì ni bàbá Sekhobe máa ń gé, bí ìrù ẹyẹ alápàáńdẹ̀dẹ̀. Nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ bá a jà lórí ogún, ó kó lọ sí òkè odò, ó sì ń gé irú àmì kan náà sí etí ọ̀tún. Ogójì ọdún nìyí tí etí òsì kò kí etí ọ̀tún. Nígbà tí Sekhobe ka ìlà yẹn, ṣe ló rẹ́rìn-ín. Ó ní, jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá wá a fúnra wọn. Ká ní ó fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ náà, wọn ì bá ti fèsì pé kò sí ẹran kankan tó sọnù lọ́wọ́ àwọn, ìtàn yìí ì bá sì parí síbí. Kò fọ̀rọ̀ ránṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin kan tó fi búláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú bora wá dúró lẹ́bàá pátákó. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, nítorí pé òfin ọ̀gá ni kí èèyàn bọ́ fìlà fún pátákó.

“Bàbá, ẹ dákun, ojú mi ò ríran dáadáa. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń kà á.”

“Èmi ni.”

“Ẹ ka ibi tó wà fún pupa fún mi.”

Sekhobe tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Ó kà á láti orí nọ́ńbà dé orí ẹyẹ.

“Bí ìrù kí ni, Bàbá?”

“Alápàáńdẹ̀.”

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà ti ń yọ Sekhobe lẹ́nu láti àná. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé etí ẹran fún ogójì ọdún mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ẹnu rẹ̀ ń kà. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé ṣe ló ń méfò. “Èdè ọlọ́pàá ni,” ó dá a lóhùn. “Ẹ tún un wí tẹ̀lé mi.”

Ọkùnrin náà tún un wí lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni ń kọ́ àdúrà ìrìbọmi. Ó yin ohùn Sekhobe, ó fún un ní tábà díẹ̀, ó sì wọ inú àgọ́ lọ.

Kò pẹ́ tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ọgbà, èyí tó kọjú sí odò, dún. Màlúù kan ké, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ gùn, ó sì wálẹ̀ níparí bí ìgbà tí èèyàn ń béèrè nǹkan. Sekhobe yí orí sí ọgbà. Ó mọ igbe yẹn. Òun ló ti ń jí i fún ọdún mẹ́jọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó wá wo pátákó: *etí ọ̀tún*. Ó gbé ẹsẹ̀ náà padà síbi tó wà.

Lerole nìyẹn, tí wọ́n ń fà lọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sájẹ́ǹtì Nthofela wá sí ilé Sekhobe. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó jókòó lórí òkúta níwájú ilé, ó gba omi mu.

“Ntate, ẹ̀yin lẹ fi ẹjọ́ màlúù méjì sùn mí ní oṣù kan àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: pupa, etí òsì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ọ̀gá kọ ọ́ sódì. Gbogbo rẹ̀. Iwájú ẹran ló dúró sí. Wọ́n ti kó mẹ́fà lọ láàárín ọjọ́ méjì, àwọn tó wá kò sì yàtọ̀ sí ara wọn. Pupa kan ṣoṣo ló kù. Ẹ wá wò ó.”

“Ìwé kì í ṣòdì, ọmọ mi.”

“Èèyàn ló ń kọ ìwé, Bàbá.”

“Mo ti kà á. Ojú mi méjèèjì ni mo fi kà á.”

Mapontšo, tó ń ti inú ilé gbọ́ wọn, jáde wá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. “Bàbá ọmọ mi, kí ó tó di pé ìwọ mọ̀wé, ṣé o máa ń mọ màlúù ẹ tí o bá rí i?”

Sekhobe tún aṣọ pupa apá rẹ̀ so. Ohun tó wà ní ọkàn rẹ̀ kò ṣe é sọ síta. Bí pátákó bá purọ́, a jẹ́ pé òun ló ti ń fi ẹnu òun pa irọ́ náà fún ìlú láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú aṣọ pupa lápá. Igbe ọjọ́ Ẹtì sì tún padà wá sí i létí. Ọjọ́ Àìkú kọjá, kò jẹun dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun àti Mapontšo gba àgọ́ lọ.

Ramokhele jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, dígí kan wà lápá òsì rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ó tó ẹni mẹ́ta.

“Òǹkàwé wa. Ẹ jókòó. Kí ló dé?”

“Màlúù mi ni mo wá gbà, ọ̀gá. Pupa tó kù yẹn.”

“Ó dára. Ẹ sọ àmì rẹ̀.”

“Ọ̀dá ni. Àpá àjàgà wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n gé etí rẹ̀ bí ìrù alápàáńdẹ̀dẹ̀. Etí òsì.”

Ramokhele gbé ojú sókè. “Etí wo?”

“Òsì.”

“Ntate, ẹnu tó ń ka *ọ̀tún* fún gbogbo ìlú láràárọ̀, òun ló ń sọ *òsì* fún mi nínú yàrá yìí? Ọkùnrin mẹ́jọ ló ti wá síbí. Gbogbo wọn ni wọ́n sọ *ọ̀tún* láìkọsẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ *òsì*. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó yẹ kí n fura sí?”

“Ẹ jẹ́ ká wọ inú ọgbà, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ n pe orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ wò bóyá kò ní wá bá mi.”

“Orúkọ màlúù kò sí lórí pátákó.”

Mapontšo fa aṣọ ọkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ sí i létí, àmọ́ gbogbo àgọ́ ló gbọ́ ọ. “Sọ *ọ̀tún*. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ká mú màlúù wa lọ ilé. Òjò ń bọ̀.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù láàárín Sekhobe àti Sefako. Ó la ẹnu. Ó rántí bàbá rẹ̀ tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lẹ́yìn ọmọ màlúù. Ó rántí àwọn ará òkè odò. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì tún un là.

“Bàbá mi ò gé etí ọ̀tún rí láyé rẹ̀,” ló wí.

Orí kunkun ni. Iwájú ni ìyàwó rẹ̀ rìn títí wọ́n fi délé. Ramokhele kọ ọ́ sínú ìwé pé nọ́ńbà keje wà lábẹ́ ìwádìí, nítorí arúgbó kan gbìyànjú láti fi irọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n kò gba aṣọ pupa lápá rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ń bọ̀ ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè kàwé sókè.

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ náà pé. Wọ́n fi ẹfun kun òkúta ojú ọ̀nà. Wọ́n wẹ ajá tí wọ́n ti tì mọ́lé nígbà kan, nítorí pé òun náà jẹ́ ẹ̀rí pé òfin wà. Àwọn ọlọ́pàá mẹ́fà kọ orin kan tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ dá, tó ń bi pátákó léèrè bóyá òun ni oòrùn. Pátákó kò fèsì. Gbogbo wa la wọ búláńkẹ́ẹ̀tì tó dára jù. Ọ̀gá àgbà Setenane sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí eruku ti bò. Èèyàn kúkúrú kan ni, ojú rẹ̀ sì hunjọ bíi ti ẹni tó ń wo àgùntàn lókèèrè. Wọ́n ní ọgọ́ta màlúù ló ní nílé.

Ramokhele sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó tún ka ẹbí àṣírí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi ìbátan tuntun méjì kún un. Nígbà tó parí, ó ní, “Ọ̀gá àgbà, màlúù mẹ́sàn-án láti inú mọ́kànlá ló ti padà sọ́wọ́ olówó wọn láàárín ọjọ́ méje.”

“Mẹ́sàn-án?” Setenane wí. “Ọ̀dọ̀ tiwa, ó máa ń gbà wá ju oṣù méjì lọ. Àríyànjiyàn ń kọ́?”

“Kò sí, ọ̀gá àgbà. Gbogbo wọn mọ àmì ẹran wọn bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.” Ó nawọ́ sí àárín èrò. “Ọ̀kan wà níbí báyìí, tó wá gba nọ́ńbà keje lójú yín. Bọ́ síwájú, ọkùnrin rere.”

Ọkùnrin kan tó fi búláńkẹ́ẹ̀tì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bora bọ́ síwájú. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Wọ́n mú Sefako jáde, wọ́n fi àpò bo orí rẹ̀ dé etí kí ìdánwò náà lè dùn ún wò.

“Sọ àmì rẹ̀,” Ramokhele wí.

“Pupa ni, ọ̀gá, ọ̀dá. Etí ọ̀tún. Wọ́n gé e bí ìrù alápàáńdẹ̀.”

Setenane dẹ etí sílẹ̀. “Bí ìrù kí ni?”

“Alápàáńdẹ̀, ọ̀gá.”

“Ẹyẹ ni àbí ẹranko?”

Ọkùnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. “Ó máa ń wá nígbà òjò, ọ̀gá.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ níbi kan lẹ́yìn. Setenane kò rẹ́rìn-ín. “Mo ti ń da màlúù láti ìgbà tí mi ò tíì ní ṣòkòtò. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ta ló kọ́ ọ?”

Ojú ọkùnrin náà rìn láàárín wa, ó sì dúró sára aṣọ pupa kan.

Sekhobe ti mọ ohùn náà láti ìgbà tó ti wí *ọ̀dá*. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bó bá dákẹ́, Òǹkàwé Ìlú ṣì ni títí ayé, màlúù rẹ̀ á sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ bíi ti èkejì. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo Ha Mafusi á mọ̀ pé òkúta ìbojì ló kọ́ ọ níwèé. Mapontšo kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tú aṣọ pupa náà.

“Èmi ni mo kọ́ ọ,” ló wí. “Búláńkẹ́ẹ̀tì eérú ló fi bora lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un wí tẹ̀lé mi. Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ alápàáńdẹ̀. Alápàáńdẹ̀dẹ̀ ni. Ìbuwọ́lù ọ̀gá ló gbé ìyókù mì, èmi sì tijú láti wí pé ó kù. Ẹni tó bá pè é bí mo ṣe pè é, ẹnu mi ló ti mú màlúù, kì í ṣe inú pápá.”

Ọ̀kan nínú wa lẹ́yìn wí wẹ́rẹ́ pé, “Gbogbo wọn ló kọ́ àmì wọn lẹ́nu rẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wa la ti gbọ́ wọn. Ṣe la rò pé àwọn ló ni ẹran náà.

“Àmọ́ etí,” Ramokhele wí, “etí ọ̀tún, ọ̀gá àgbà. Ó wà lórí pátákó.”

“Bàbá,” Setenane wí, “etí wo?”

“Òsì, ọ̀gá. Ẹ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.”

Setenane bọ́ sẹ́yìn màlúù, inú ẹrẹ̀, kò wo bàtà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí àpò náà. Ó wò ó. “Òsì ni. Ramokhele, wá dúró síbí.”

“Ọ̀gá àgbà, mo ríran láti ibi tí mo wà.”

“Dúró síbẹ̀ nígbà náà, kọjú sí mi. Na ọwọ́ ọ̀tún ẹ sókè.”

Ramokhele nà án. Setenane náà na tirẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ojú kan ojú, ọwọ́ ẹnì kan lápá ìlà-oòrùn, ti ẹnì kejì lápá ìwọ̀-oòrùn, màlúù kan láàárín wọn. Gbogbo Ha Mafusi rí i. Ìyá tí wọ́n jí adìyẹ rẹ̀ na tirẹ̀ náà, ó yíra padà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Ẹ wò ó o.”

“Màlúù mẹ́sàn-án,” Setenane wí. Kò gbé ohùn sókè. “Bọ́ sẹ́yìn níbí, Ramokhele. Wá wo ohun tí o kọ.”

Ramokhele wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó máa dúró sẹ́yìn màlúù láyé rẹ̀ nìyẹn. Sefako, tí kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ láti àárọ̀, dá sí i, ó sì dá sí i tó pọ̀. Bàtà dídán náà kò tún dán mọ́.

Sekhobe súfèé ohùn méjì. Màlúù náà fa okùn já lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó wá gbé imú lé e láyà. Lẹ́yìn náà ó yí ọrùn padà, ó ń wo ẹ̀yìn, ibi tí Lerole máa ń wà.

Wọ́n mú ọkùnrin onírùngbọ̀n fífá. Ó jẹ́wọ́ pé alápatà kan ní òdìkejì ààlà ló ti ra Lerole lọ́wọ́ òun, ní ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà. Nthofela gun ẹṣin lọ, ó padà pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo àti agogo ọrùn màlúù kan tí kò sí ẹni tó mọ olówó rẹ̀. Wọ́n gba ìràwọ̀ kan kúrò léjìká Ramokhele, wọ́n sì gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí àgọ́ kan lókè pátápátá, níbi tó jẹ́ pé àgùntàn ló pọ̀ ju èèyàn lọ. Ní òwúrọ̀ tó ń lọ, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdágbére. Ajá nìkan ló wá, ó sì tún gbé ẹsẹ̀ sókè. Nthofela fi pátákó náà ṣe ilẹ̀kùn ọgbà, ó yí ojú tí wọ́n kọ̀wé sí sínú ọgbà, kí màlúù lè máa kà á. Ní pitso tó tẹ̀lé e, ó dìde, ó ní, “Màlúù kan wà lọ́wọ́ wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún.” Ó dákẹ́. A kò pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan dìde, ó lọ bá a ní kọ̀rọ̀.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn pitso náà. Àjàgà ihò méjì ni Sekhobe ní, màlúù kan ló sì wà nílé. Mapontšo ní kó gun òkè odò lọ bẹ àwọn ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ fún ọ̀dá kan. Ó ní òun máa lọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló gbà á kó tó lọ. Wọ́n fún un lọ́jọ́ tó dé ibẹ̀, wọn kò bi í ní nǹkan kan, àfi pé wọ́n ní kó jẹun. Nígbà tó fi so etí òsì àti etí ọ̀tún pọ̀ mọ́ àjàgà kan, ilẹ̀ ti le padà.

Ohun tó sọnù ní Ha Mafusi lọ́dún náà nìyí: màlúù mẹ́sàn-án, Lerole wà nínú wọn. Ìràwọ̀ kan. Adìyẹ kan, tí kò ṣẹlẹ̀ títí di òní. Oko mẹ́fà tí a kò tú, ọ̀kan jẹ́ ti Sekhobe. Àti dẹ̀ kan.